D. O. Fágúnwà: Onígbàgbọ́ Tó Kọ̀wé nípa Iwin

Nígbà tí a ṣe ìpàdé lórí agbára òkùnkùn ní sáà tó kọjá, a gbé àpótí kan sílẹ̀ kí àwọn tí ojú ń tì lè kọ ìbéèrè wọn sínú rẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti ẹgbẹ́ awo ni yóò kún ibẹ̀. Ó kún ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló béèrè nípa ìwé ìtàn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí Onígbàgbọ́ máa ka Fágúnwà. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹnì kan ti sọ fún òun pé ọmọ awo ni ọkùnrin náà, pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ, àti pé àwọn iwin tó tú àṣírí wọn ló fà á sínú omi nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun, àwọn òbí wa náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn awo kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré láàárín àwa tí à ń pe orúkọ Jésù, kò sì dára ká máa fi í kan òkú tí kò lè dáhùn. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọkùnrin náà láti ilé, ká wo ibi tó gbà.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Òkè-Igbó, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ìlú ogun ni Òkè-Igbó níbẹ̀rẹ̀. Dẹ̀rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá, ọmọ ọba Ifẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní àkókò tí ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká. Wọ́n yàn án ní Ọọ̀ni tán, kò kúrò ní Òkè-Igbó. Igbó ló yí ìlú náà ká, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, wọn yóò fi ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Olódùmarè hàn án. Ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí igbó ṣe ń dún lóru.

Ẹ wo orúkọ inú ilé wọn. Fágúnwà: Ifá ló mú ìwà gún. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Òṣúnyọmí, ti Ọ̀ṣun nìyẹn. Ọmọ náà gan-an, Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́, ti Orò. Ilé tí òrìṣà ti fìdí múlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Akíntúndé, gba ìyìn rere, ó ṣèrìbọmi, ó di Joshua. Ìyàwó rẹ̀ náà di Rachel. Nígbà tí ọmọ wọn dàgbà, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi ló ń kọ sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Fágúnwà kò kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa ti yí orúkọ ìdílé wọn padà nítorí pé Ifá tàbí Ògún ló ṣáájú rẹ̀, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ni mò ń sọ: ó pààrọ̀ èyí tó kan òun fúnra rẹ̀, ó fi ti ìdílé sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ka àwọn ìwé rẹ̀ yóò rí i pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ ló ń pín títí tó fi kú.

Ó ka ìwé kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ St. Luke's ní Òkè-Igbó. Láti 1926 sí 1929 ó wà ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní 1896, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn oníwàásù. Nígbà tó jáde, wọ́n dá a dúró sí Ọ̀yọ́ náà láti máa ṣe olórí ilé ìwé tí àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí di 1939. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì. Àárín ọmọdé ló wà, ọmọdé ò sì ní jókòó jẹ́ẹ́ fún ìwàásù tí kò ní ìtàn nínú.

Kí ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́ láti kà ní èdè Yorùbá? Bíbélì ti pé lódindi láti 1884. Ìwé orin wà. Ìwé John Bunyan nípa èrò mímọ́ tó ń lọ sí ìlú ọ̀run wà pẹ̀lú. David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní 1866. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kù ni àlọ́, ìjálá, òwe àti ìtàn ọdẹ, èyí tí ẹnu ń gbé kiri. Apá kan wà nínú ìwé, apá kan wà lẹ́nu àgbà. Ẹni tó máa so méjèèjì pọ̀ ni kò tíì sí.

Ní 1936, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ pè fún ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé náà jáde ní 1938 láti ọwọ́ CMS Bookshop ní Èkó, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ni wọ́n pè é. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilé ìwé ìjọ ni, àwọn kan náà tó ń ta Bíbélì àti ìwé àdúrà. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé awo ni, orí àtẹ ìjọ ni awo ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé náà, bàbá arúgbó kan yọ sí òǹkọ̀wé nílé rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kó mú gègé àti tákàdá kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Orúkọ bàbá yìí ni Àkàrà-Oògùn. Ọdẹ àti ògbójú olóògùn ni ẹni tó bí i, àjẹ́ paraku ni ìyá rẹ̀. Ó ròyìn bí òun ṣe lọ sínú Igbó Irúnmọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti bí ọba ṣe rán òun àti àwọn akọni mìíràn ní ìrìn àjò kẹta sí Òkè Láńgbòdó. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ òǹkọ̀wé láti wá gbọ́. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lọ, wọn kò rí i mọ́.

Mo gbà pé ibí yìí ni àhesọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí jíjẹ́ mọ́ wa lára. Bí ẹnì kan bá dúró níwájú tó ní báyìí-báyìí ló ṣẹlẹ̀ sí òun, a ó ṣe Àmín, a kì í béèrè ẹlẹ́rìí kejì. Ẹni tó bá fi irú etí bẹ́ẹ̀ ka Ògbójú Ọdẹ yóò gbà pé bàbá kan wọlé lóòótọ́, pé òǹkọ̀wé kàn jẹ́ akọ̀wé fún un ni. Ọ̀nà ìtàn sísọ lásán ni. Ẹni tó pa àlọ́ pé Ìjàpá lọ sílé àna rẹ̀ kò búra fún wa pé òun bá Ìjàpá lọ. Nígbà tí Fágúnwà bá sì fẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an, ó mọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ British Council fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ó lo àkókò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1946 sí 1948, ó sì kọ ìwé méjì nípa rẹ̀, Ìrìnàjò Apá Kìíní ní 1949 àti Apá Kejì ní 1951. Olùkọ́ tó ń ṣàlàyé ìrìn àjò rẹ̀ fún ará ilé ló wà nínú ìwé méjèèjì yẹn. Àgbákò kò sí níbẹ̀.

Àgbákò yìí wà lára ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù nínú Ògbójú Ọdẹ: olójú mẹ́rìndínlógún, tó ko Àkàrà-Oògùn lọ́nà, tí wọ́n jọ wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lórí orúkọ náà díẹ̀. Kí ni Yorùbá ń pè ní àgbákò ṣáájú kí Fágúnwà tó fi ojú mẹ́rìndínlógún sí i lórí? Aburú tó dédé pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà ni. Ẹlòmíràn nínú igbó náà ń jẹ́ Tẹ̀ǹbẹ̀lẹ̀kún. Òmíràn ń jẹ́ Wèrè-Ọ̀run. Nínú Igbó Olódùmarè, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1949, ẹni tí Olówó-Ayé gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó ráyè wọnú igbó ń jẹ́ Ànjọ̀nnú-Ìbẹ̀rù. Ẹ̀rù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èyíkéyìí nínú wa tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò mọ irú ànjọ̀nnú tí à ń wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n jọ lọ sí Láńgbòdó. Kàkò ni agbára pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́. Ìmọ̀dóyè ni ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ti di òye. Olóhùn-Iyọ̀ ni ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn. Àràmàdà-Òkùnrin, nígbà tí ooru bá ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òtútù ló ń mú òun. Bí a bá kó wọn jọ, ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n máa dà. Àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan nínú ara rẹ̀: orí ń bẹ, ọkàn ń bẹ, ẹ̀mí ń bẹ, ìwà ń bẹ, ọkàn sì lè sọ pé ká lọ kí ẹsẹ̀ kọ̀. Ohun tí Fágúnwà ṣe ni pé ó kó gbogbo ohun tó ń bá ara wọn jà nínú ènìyàn jáde síta, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú, ẹnu àti ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n máa rìn nínú igbó. Bunyan ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ àìnírètí di òmìrán, ó sọ ìrẹ̀wẹ̀sì di ẹrẹ̀. Àmọ́ igbó Fágúnwà kì í ṣe àwòkọ. Òórùn ilẹ̀ wa ló wà lára rẹ̀. Àwa ará Òkun tí ẹ̀bọra kì í ṣe orúkọ àjèjì sí létí, bí a bá ń kà á, à ń gbọ́ ohùn ìyá wa àgbà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá Fágúnwà kọ̀wé nípa awo, n óò ní ọkàn ènìyàn ló kọ ìwé nípa rẹ̀, iwin ló fi ṣe gègé. Ṣùgbọ́n n kò ní fọ̀ ọ́ mọ́ ju bó ṣe mọ́ lọ. Kò sọ pé oògùn kò lágbára. Nínú ìtàn rẹ̀, ọfọ̀ máa ń jẹ́, oògùn máa ń gbé ènìyàn kúrò nínú ewu, àjẹ́ sì ń pa ọmọ. Onígbàgbọ́ tó ń wá ìwé tí yóò sọ pé ìtànjẹ lásán ni gbogbo rẹ̀ kò ní rí i níbí. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé oògùn yẹn kan náà máa ń kùnà nígbà tí olóògùn bá gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé ọdẹ tó gbójú yóò pe gbogbo ohun tó ní, kò ní rí ìrànwọ́, yóò wá rántí Ẹlẹ́dàá, yóò gbàdúrà bí ọmọdé, ọ̀nà yóò sì là. Olódùmarè nìkan ni agbára tí kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ nínú igbó náà. Ohun tí ọmọ Joshua àti Rachel rí sọ nìyẹn nípa ilé tí wọ́n ti kúrò: agbára wà níbẹ̀, ó kàn ní ibi tó ti máa ń já ni.

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n lọ gbà bọ̀ ní Láńgbòdó. Ọba tó rán wọn ń wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú òun. Wọ́n ja ìjà tó pọ̀, àwọn ẹlòmíràn kú sọ́nà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn kò fún wọn ní ońdè tàbí ìgbàdí. Wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá ọlọ́gbọ́n kan, Ìrágbèje, nínú ilé olójúlé méje, ó sì fi ọjọ́ méje pa ìtàn fún wọn, ó ń kọ́ wọn ní ìwà, ní ọmọ títọ́, ní bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n rù bọ̀. Mo rò pé ìjákulẹ̀ díẹ̀ ló jẹ́ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní ilé ìwé girama, nítorí pé ohun tó ń tàn yòò ni mò ń retí.

Kí n sọ ohun tí n kò fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń wàásù jù. Ìtàn á ti gbóná, yóò dá a dúró láti gba àwọn òbí àti ọ̀dọ́ níyànjú, títí a ó fi máa ṣí ojú ewé láti wo ibi tí ìyànjú náà máa parí sí. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tún burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n pe Kàkò sí ìrìn àjò Láńgbòdó, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin tó yẹ kó fẹ́ dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kó lọ. Kàkò yọ àdá, ó ṣá a, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé náà kò sì dúró láti bi í ní ìbéèrè tó tó. Nígbà tí ẹ bá ń wá ibi tó yẹ kí Onígbàgbọ́ ti bá Fágúnwà ṣe àròyé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ènìyàn ni, akọni ni, iṣẹ́ ìlú ló sì ń lọ ṣe.

Ohun kejì kan àwọn onísìn ìbílẹ̀ ju àwa lọ. Irúnmọlẹ̀ jẹ́ orúkọ ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Fágúnwà fi í sọ igbó tí ẹbọra àti iwin ń gbé. Ó sọ ọ̀kan nínú àwọn abàmì ẹ̀dá inú Igbó Olódùmarè ní Èṣù-Kékeré-Òde, ó ń tẹ̀lé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, àwọn tó fi Èṣù dípò ọ̀tá Ọlọ́run, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí àwọn baba wa ń pè ní Èṣù kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹjọ́ gidi nìyẹn. Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwọn tó yẹ kó bínú sí i ń fi í yangàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, àwa tó jà fún la sì ń sá fún un.

Nígbà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde léraléra. Ìrèké Oníbùdó jáde ní 1949 pẹ̀lú Igbó Olódùmarè, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé e ní 1954. Ní 1955 ó gba ẹ̀bùn Margaret Wrong, tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ tó lè kàwé Yorùbá wá pọ̀ lójijì; Fágúnwà fúnra rẹ̀ sì bọ́ sí iṣẹ́ ní Ibàdàn, níbi tí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ń ṣe ìwé jáde. Ó lo bí ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ní 1959 ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, ó sì di aṣojú ilé iṣẹ́ Heinemann, tó ń tẹ ìwé. Ọdún 1961 ni Àdììtú Olódùmarè jáde. Ìwé yẹn yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú. Ọmọ tálákà ni Àdììtú. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Obìrí-Ayé, ti ìyá rẹ̀ ni Ìpọ́njúdìran, ẹ sì lè rí irú ilé tó ti wá láti inú orúkọ wọn. Ebi, ìwé ìfẹ́ tí òun àti Ìyùnadé ń kọ sí ara wọn, owó, ìgbéyàwó: ayé gidi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Fágúnwà fẹ́ mú un dé ọ̀run, kò fi oògùn gbé e lọ. Inú àlá ló gbà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ó sì jọ pé igbó ti ń fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ Heinemann ló gbé e lọ sí apá Àríwá ní Oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ó dé Wuya, nítòsí Bida, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá odò. Ilẹ̀ etí odò tó dúró sí ya, ó já sómi, ó sì kú síbẹ̀. Ó kó ilé, ìyàwó, ọmọ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé ìwé sínú ọ̀fọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu ti ń sọ pé àwọn ará inú igbó ló gbẹ̀san. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kò kú, pé ó kàn bá wọn lọ ni. Ó yé mi ìdí tí ènìyàn fi lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣòro láti gbà pé ẹni tó pọ̀ tó báyẹn kú ikú tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Adánkólò nígbà omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù. Omi tó gbé Fágúnwà lọ ń ṣàn bọ̀ wá sínú Ọya ni, ẹ̀yìn ilé wa níbí ló sì ń gbà kọjá kó tó pàdé Bẹ́núè. Ẹ ti rí i bí etí odò ṣe máa ń jẹ wọ inú, tí ilẹ̀ tó dà bíi pé ó le lánàá á ti ṣófo lábẹ́ lónìí. Iwin kò lọ́wọ́ sí i. Bí a bá sọ pé àwọn tí Fágúnwà fi àròjinlẹ̀ dá ló pa á, ohun tí à ń sọ ni pé ọwọ́ ènìyàn lè dá ẹ̀mí, pé ẹ̀mí náà sì lè borí ọmọ Ọlọ́run létí odò. N kò mọ ibi tí a ti rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú Bíbélì.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń fi wé e. Ní ọjọ́ kejìlélógún Oṣù Kọkànlá ọdún 1963 kan náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ikú Fágúnwà, C. S. Lewis kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ lòun náà, Onígbàgbọ́ sì ni. Ìwé rẹ̀ tí àjẹ́ funfun kan fi òjò dídì bo ilẹ̀ Narnia jáde ní 1950, ọdún méjìlá lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ. Òun náà ló kọ ìwé lẹ́tà tí àgbà ẹ̀mí èṣù kan ń kọ sí ọmọ ìṣẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 1942. Àwọn ìwé Lewis wà lórí pẹpẹ ìwé nínú ìdàpọ̀ wa, a máa ń yá wọn lọ sílé, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà. Kò sí ẹni tó tíì kọ ọ́ sínú àpótí rí pé àjẹ́ Narnia lè tẹ̀lé òun dé yàrá. Bí àjẹ́ bá funfun tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn ni. Bí iwin bá ń sọ Yorùbá, a ó gbààwẹ̀. Ó yẹ ká ṣàlàyé ìyẹn fún ara wa.

N kò sọ pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ka Fágúnwà. Arákùnrin kan wà tó ti ilé babaláwo jáde wá sínú ìgbàgbọ́, tó jẹ́ pé bó bá ti ń rí ọfọ̀ lójú ìwé, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń jí nínú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé nípa oúnjẹ tó ń mú arákùnrin kọsẹ̀, a sì mọ ibi tó wà. Àmọ́ kó má ṣe sọ ọ́ di òfin fún ẹni tí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò bí.

Wọ́n gbé òkú Fágúnwà lọ sílé, wọ́n sin ín sí Òkè-Igbó. Ìwé rẹ̀ kò dúró. Ní 1968 Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ Igbó Olódùmarè náà ní 2010. Ní 1974 Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ odindi ìwé lórí àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀ máràrún. Nígbà tí FESTAC dé ní 1977, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìrìn àjò Láńgbòdó ni orílẹ̀-èdè wa gbé síta gẹ́gẹ́ bí eré tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rù iwin ṣì ń bà, kó kọ́kọ́ mú Àdììtú Olódùmarè. Ibi tí òǹkọ̀wé parí sí ni, ó sì rọrùn láti ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn wọ inú igbó.